Fèrèsé, Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún

Abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì télọ̀ ni mo ti rí i, ní Ìgbọ̀nà,
wọ́n ká a ní ẹ̀ẹ̀mejì kí tábìlì má baà mì.
Télọ̀ ní bí mo bá máa mú un lọ
kí n wá páálí tó ki dípò rẹ̀.
Mo wá páálí mílíìkì. Mo tún fi igba náírà lé e.

Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ, ikán ti jẹ etí kan,
àmọ́ orúkọ ṣì hàn: *Fèrèsé*,
ìwé ìròyìn fún àròfọ̀, ìtàn, àti ọ̀ràn ìlú,
ṣílè kan, a tẹ̀ ẹ́ ní Òṣogbo, lẹ́bàá stéṣọ̀n rélùwéè.

Lójú ewé kẹta olóòtú ń bínú:
"Nígbà wo ni omi ẹ̀rọ yóò dé Òkè-Baálẹ̀?"
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́.
Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé.
Láàárọ̀ yìí náà mo ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lọ́wọ́ ọmọ tó ń ti ọmọlanke.
Olóòtú, ẹ sinmi. Ìbéèrè yín ò tíì gbó.

Iye owó kòkó wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan wá láti Ìkìrun:
òǹkàwé ń ráhùn pé ìkà inú ìtàn oṣù tó kọjá
tètè kú jù, kò jìyà tó.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rí àwọn àmì.

Lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ kì í tó wọn nílé ìtẹ̀wé.
Bàbá mi, Bùráímọ̀ Àlàó, tó ń to lẹ́tà òjé,
ti sọ ọ́ fún wa rí:
bí wọ́n bá tẹ̀wé tán, Ọ̀ṣun á di osùn,
odò ńlá á di ohun tí wọ́n ń fi pa ọmọ tuntun lára,
ọ̀rọ̀ á di oró.
Ni yóò bá jókòó lóru, òun, àtùpà àti tàdáwà,
á máa fi ẹnu kálámù kan ìdí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan,
ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà, ogójì ojú ewé.
Wọ́n tẹ orúkọ olóòtú. Wọ́n tẹ orúkọ ẹni tó yàwòrán.
Mo wá tirẹ̀ títí.

Àmì rẹ̀ kì í ṣe róbótó. Ó gùn díẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn,
ó tẹ̀ sápá òsì. Mo mọ̀ ọ́n.
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fàlà sí rìsíìtì owó ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ojú ewé kejìlélógún ló bá a dé, ó tán síbẹ̀.
Bóyá epo àtùpà. Bóyá oorun.
Bóyá òru tí wọ́n bí mi ni, tẹ́nìkan kanlẹ̀kùn pé
"Bùráímọ̀, wọ́n ti sọ̀!"
Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọdún ò bára mu.

Ìtàn Mísì Adétóún Ọ̀páwálé ló kàn,
obìnrin kan tó di ẹrù rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.
Mo mú bírò. Mo ní n ó bá bàbá mi parí iṣẹ́.
"Ilekun": ìyẹn rọrùn.
"Ese re kun fun eruku": ẹsẹ̀ ni,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku a máa bo ẹ̀ṣẹ̀ náà.
Mo ń bá a bọ̀, mo ń bá a bọ̀, mo kan ìlà ìkẹyìn:

"O jokoo si enu ona, o n wo ona oko."

Oko tí wọ́n ń ro ni? Ọkọ tó fẹ́ ẹ ni?
Àbí ọkọ̀ tó máa gbé e kúrò lọ́dọ̀ ọkọ?
Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé
ìtàn ń bọ̀ ní nọ́ńbà tó kàn.
Mo ti bi gbogbo ẹni tó yẹ kí n bi. Kò sí èkejìdínlógún.

Mo dé bírò.
Ó ṣì jókòó síbẹ̀.